Káàdì tí a fi ń so háàdì dísìkì mọ́ kọ̀ǹpútà: èwo ló bá ẹ̀rọ yín àti àpò yín mu?

Lẹ́yìn Ọlọ́jọ́ ni àwọn onífídíò máa ń pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágẹ́rẹ́, Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n á ti tẹ̀lé Ọọ̀ni láti Ẹnuwá dé Òkè Mògún, kámẹ́rà méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta, wọn ò sì ní fẹ́ kí ohunkóhun bọ́ sọnù, pàápàá ìgbà tí adé Àrè bá jáde. Bí wọ́n bá délé tí wọ́n fẹ́ da fídíò sílẹ̀, kọ̀ǹpútà á ní ààyè ò sí mọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúuṣẹ́. Háàdì mi tún ti kún o. Wọ́n ní káàdì kan wà tí wọ́n ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà, pé èèyàn lè so háàdì mẹ́wàá mọ́ ọn. Ṣé kí n rà á?"

Kò sí bí mo ṣe lè dáhùn kí n má kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin márùn-ún. Mo ti dáhùn ẹ̀ lẹ́nu tó pọ̀ tó, ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ná. Kámẹ́rà tó bá ń ya 4K ní ìwọ̀n 100 megabit ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan máa ń jẹ 45 GB ní wákàtí kan. Kámẹ́rà méjì, wákàtí márùn-ún: 450 GB. Òde ìgbéyàwó méjì péré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mu háàdì 1 TB tán. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wa, kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ la ń lò, àwọn Dell OptiPlex àti HP tí ilé-iṣẹ́ òkè òkun ti lò kí wọ́n tó kó wọn wá. Ẹ̀rọ tó gbó keke ni wọ́n, mo fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n ojú SATA, ibi tí wáyà háàdì ń wọ̀ lórí mọ́dábọ́ọ̀dù wọn, kì í sábà ju mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Háàdì tí Windows wà lórí rẹ̀ ti gba ọ̀kan, ẹ̀rọ DVD ti gba ìkejì. Ìyókù kò tó nǹkan. Káàdì ló ń bá ni fi ojú SATA kún un láìra kọ̀ǹpútà tuntun.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni ihò tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín. Ẹ tú ìdérí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ wò ó. Ihò PCIe kúkúrú tí wọ́n ń pè ní x1 kò ju oríkèé àtàǹpàkò lọ, nǹkan bí 25 mm. Èyí tó gùn jù, x16, tó ìka àárín lódindi, bíi 89 mm. Káàdì kúkúrú á wọ ihò gígùn, á sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Káàdì gígùn kò ní wọ ihò kúkúrú, àyàfi bí ẹ̀yìn ihò náà bá ṣí sílẹ̀. Ẹ tún wo ìran PCIe tí ẹ̀rọ yín ń lò. Ní 2.0, ojú ọ̀nà kan ń gbé 500 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá, ní 3.0, ó ń gbé nǹkan bíi 985 MB. Ojú títì ni kí ẹ fi wé: x1 jẹ́ ọ̀nà tí mọ́tò kan péré lè gbà, x4 gba mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kọ̀ǹpútà yín bá sì jẹ́ irú tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ẹ béèrè bóyá káàdì náà ní irin ẹ̀yìn kúkúrú. Bí kò bá ní in, ìdérí ẹ̀rọ yín kò ní pa dé.

Èkejì ni ṣíìpù, òun ló sì ṣe pàtàkì jù lójú mi. Àárín káàdì ló máa ń wà, lọ́pọ̀ ìgbà lábẹ́ irin kékeré eléyín tó ń gba ooru kúrò lára rẹ̀. Òun ló ń ṣiṣẹ́. Iye ojú SATA tí ẹ rí lára káàdì kò sọ nǹkan kan fún yín. Káàdì méjì lè jọra bí Táíwò àti Kẹ́hìndé, kí ọ̀kan sìn yín fún ọdún púpọ̀, kí èkejì da fáìlì yín rú kí oṣù tó parí. Ẹ béèrè orúkọ ṣíìpù lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, tí wọn ò sì kọ ọ́ sínú àlàyé ọjà, ẹ fi ọjà náà sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀kẹta ni iná. Háàdì 3.5 ínṣì tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí máa ń fa nǹkan bí 2 A lórí wáyà 12 V, ìyẹn 24 W. Tó bá ti ń yí geere, ó lè má ju 5 sí 8 W lọ. Háàdì mẹ́rin tó bá jọ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà á béèrè bíi 100 W fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Ẹ wo OptiPlex 7010 kékeré: 240 W ni gbogbo agbára power pack rẹ̀, mọ́dábọ́ọ̀dù sì fẹ́ jẹ nínú rẹ̀. Ẹ sì mọ bí iná wa ṣe rí. Ó lọ, a tan jẹnẹrétọ̀; ó dé, a tún yí i padà. Bí kò bá sí UPS láàrin, gbogbo ìgbà tí a bá yí i padà ni háàdì á tún gbéra láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Kíkó fídíò pamọ́ yàtọ̀ sí gígé fídíò. Háàdì tó ń yí kì í sábà ju 150 sí 250 MB lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá, SSD oní-SATA, ìyẹn háàdì tí nǹkan kan kì í yí nínú rẹ̀, lè dé 550. Ẹni tó bá ń kó nǹkan pamọ́ kò ní ìdí láti sanwó ìyára tí kò ní í lò.

Owó ló kẹ́yìn. Mi ò ní kọ iye náírà síbí, torí kí ẹ tó kà á, dọ́là á ti yí i padà. Káàdì olójú méjì tó wọ́pọ̀ jù ni màá fi ṣe òṣùwọ̀n, màá máa sọ iye ìgbà tí èyí tàbí èyíinì fi ju ú lọ. Ẹ ṣírò owó wáyà mọ́ ọn. Àìmọye èèyàn ló ra káàdì tán tó tún padà wá ra wáyà ní iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti káàdì.

Háàdì ìta tó ń lo USB

Èyí kì í ṣe káàdì, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ fi í sí i, torí ẹlòmíràn wà tí kò nílò ju u lọ. Bí láptọ́ọ̀pù lẹ ń lò, káàdì kò sí nínú ọ̀rọ̀ yín rárá. Òun ni tiyín. Akẹ́kọ̀ọ́ OAU tó ń kó dátà ìwádìí rẹ̀ kiri láti họ́sítẹ̀lì dé láàbù, òun náà ni tirẹ̀.

Ibi tó ti máa ń kọ́ni lẹ́sẹ̀ ni ojú USB tí a kì í bọ̀. Ojú tó dúdú nínú sábà máa ń jẹ́ USB 2.0, kì í ju 35 sí 40 MB lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ní ìyára 40 MB, 1 TB á gbà tó wákàtí méje kó tó parí. Iná wo ló ń dúró fún wákàtí méje? Ẹ wá ojú tó búlúù nínú, USB 3.0 nìyẹn sábà. Bí háàdì náà bá ń sáré ní 100 MB, wákàtí mẹ́ta kò ní í pé. Ìṣòro kejì ni pé wáyà rẹ̀ máa ń mì. Bí èèyàn bá fẹsẹ̀ kọ́ ọ nígbà tí fáìlì ń wọlé, wàhálà ti dé.

Kódà ẹni tó bá ra káàdì tó dára jù yẹ kó ní ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí. Ẹ̀dà fídíò tó wà nínú kọ̀ǹpútà kan náà pẹ̀lú ojúlówó rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀dà tó lè gbani. Oníbàárà mi kan ní Iléṣà ń gbé háàdì ìta tirẹ̀ lọ sílé ìyá rẹ̀ ní oṣù oṣù, ó ń fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọlọgbọ́n èèyàn ni.

Káàdì olójú méjì: ASM1061

Ilé-iṣẹ́ ASMedia ní Taiwan ló ṣe ṣíìpù yìí, ó sì ti pẹ́ lọ́jà. Ihò x1 ló ń wọ̀, PCIe 2.0, nítorí náà ojú méjèèjì ló ń pín 500 MB yẹn lò. Tí a bá yọ ohun tí ọ̀nà fúnra rẹ̀ ń jẹ kúrò, nǹkan bí 400 ló ń kù. Háàdì méjì tó ń yí kò lè lo gbogbo rẹ̀ tán. Windows 10 àti Linux á dá a mọ̀ fúnra wọn, kò sí dísìkì tí ẹ máa wá kiri. Kì í gbóná. Kò jẹ iná. Ihò kúkúrú tí ẹnikẹ́ni kì í lò nínú tòkunbọ̀ ló máa ń gbà, ó sì fi ihò gígùn sílẹ̀ fún káàdì fídíò.

SSD kan lórí rẹ̀ kò ní sáré tó bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n á ṣì ju háàdì tó ń yí lọ dáadáa.

Nǹkan kan ló yẹ kí ẹ ṣàkíyèsí. Àwọn kan nínú wọn ní ojú mẹ́rin, méjì nínú, méjì lẹ́yìn, ike dúdú kéékèèké sì wà lórí káàdì tí ẹ máa fi yan èyí tí ẹ fẹ́ lò. Méjì péré ló lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé káàdì bàjẹ́, á dá a padà, á sì bá ẹni tó tà á jà láìnídìí.

Nínú gbogbo káàdì tí mo ti fi ọwọ́ ara mi kì bọ inú ẹ̀rọ àwọn èèyàn, èyí ni kò tíì dá mi padà sí ilé oníbàárà. Ẹni tó bá fẹ́ fi háàdì kan tàbí méjì kún un péré, kó má wo ibòmíràn.

Káàdì olójú márùn-ún àti mẹ́fà: JMB585 àti ASM1166

Ìsọ̀rí yìí ló yí nǹkan padà fún àwa tí owó wa ò pọ̀. JMB585 ní ojú márùn-ún, ASM1166 ní mẹ́fà, gbogbo ojú náà ló sì ń wọnú ṣíìpù tààrà. PCIe 3.0 x2 ni àwọn méjèèjì. Bí ìmúlẹ̀ wọn, ẹsẹ̀ aláwọ̀ wúrà tó ń wọnú ihò, ṣe gùn, ihò x4 tàbí x16 ni wọ́n sábà máa ń wọ̀. Nínú ẹ̀rọ tó ní 3.0, wọ́n ní bí 1,970 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá láti pín. Nínú tòkunbọ̀ tí kò ju 2.0 lọ, ó di 1,000 MB. Kódà nígbà yẹn, bí háàdì mẹ́fà bá jọ ń sáré lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣì lè rí ju 130 MB lọ, iṣẹ́ ìkópamọ́ kò sì nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Iye rẹ̀ tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti olójú méjì. Tí ẹ bá pín in sí iye ojú tó ní, kò sábà wọ́n ju ti olójú méjì lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún mẹ́ta. Wọ́n ń ṣe irú èyí tó ń wọ ihò x1 pẹ̀lú. Ìyára rẹ̀ á dín sí ìdajì, nítorí náà ẹ wo ìmúlẹ̀ rẹ̀ nínú fọ́tò kí ẹ tó sanwó. Ó máa ń gbóná níwọ̀nba, kò dára kí káàdì fídíò jókòó tì í débi pé afẹ́fẹ́ ò ráàyè kọjá láàrin wọn. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí háàdì tí Windows wà lórí rẹ̀ máa gbé orí mọ́dábọ́ọ̀dù. Ẹ̀rọ àtijọ́ mélòó kan kì í fẹ́ gbéra láti orí káàdì, a sì lè jókòó tì í ní odindi ọ̀sán.

Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ibi yìí làwọn èèyàn ti ń ra háàdì 4 TB tàbí 8 TB, Windows á bi yín ní ọ̀nà tí ẹ fẹ́ fi pín háàdì nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ ń ṣètò rẹ̀, GPT tàbí MBR: ẹ yan GPT. Bí ẹ bá yan MBR, nǹkan bí 2 TB péré lẹ máa rí lò, ìyókù á wà níbẹ̀ bí ilẹ̀ tí wọn ò jẹ́ kí ẹ dáko sí.

Ẹ lè rí Marvell 88SE9215 náà lọ́jà, olójú mẹ́rin, PCIe 2.0 x1. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n mẹ́rin ló ń jìjàdù lórí 500 MB. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, 88SE9230, máa ń bá Linux fa wàhálà bí ohun tí wọ́n ń pè ní VT-d bá wà ní títàn nínú BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà. Níwọ̀n ìgbà tí ASM1166 wà, mi ò rí ìdí tí èèyàn fi máa lọ bá wọn.

Káàdì olójú mẹ́jọ, mẹ́wàá, ogún

Èmi náà ti kó sínú rẹ̀. Mo rí káàdì olójú mẹ́wàá kan, owó rẹ̀ kò tó ti olójú mẹ́fà, mo rà á fún ẹ̀gbọ́n kan tó ń ya ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ kìíní, ó ń lọ dáadáa. Ọjọ́ kejì, háàdì mẹ́rin wà lórí rẹ̀, a ń da fáìlì láti ọ̀kan sí òmíràn, ni ọ̀kan bá pòórá lójú Windows. Kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mẹ́ta yòókù ti tẹ̀lé e. A pa kọ̀ǹpútà, a tún un tàn, gbogbo wọn padà dé. Kò tó wákàtí kan, wọ́n tún lọ. Ìsìn ìdúpẹ́ ọdún kan tó wà láàrin ìrìn nígbà náà kò ṣeé ṣí mọ́. Ẹ̀gbọ́n yẹn kò bá mi jà. Ó kàn jókòó, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Àwọn tó dúró fún fọ́tò ìkẹyìn pẹ̀lú bàbá olùṣọ́ wà nínú ẹ̀." Bàbá náà ti ṣaláìsí ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn. Mi ò gbàgbé.

Nígbà tí mo délé, mo tú irin eléyín kúrò lórí káàdì náà, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. ASM1061 olójú méjì ni mo bá níbẹ̀, ṣíìpù JMB575 méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ JMB575 ni láti ya ojú SATA kan sí márùn-ún. Bí méjì ṣe di mẹ́wàá nìyẹn. Háàdì márùn-ún ń gba ẹnu ọ̀nà kan, àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì ń pín 500 MB kan ṣoṣo. Ìyára yẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Bí háàdì kan bá dákẹ́ díẹ̀, bóyá torí ibì kan lára rẹ̀ le kà, ṣíìpù tó ń yà á náà á tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn tó kù lábẹ́ rẹ̀ á sì já pa pọ̀. Ẹni tó tà á fún mi kò gbà á padà.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí káàdì tí ojú rẹ̀ ju mẹ́fà lọ tó sì wọ́n kéré, ẹ mọ̀ pé irú ṣíìpù tó ń ya ojú yẹn ló wà nínú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Mi ò ní tà á fún ẹnikẹ́ni tí fídíò rẹ̀ kò bá ṣeé tún yà.

Káàdì sáfà tòkunbọ̀: LSI 9211-8i

Èyí ni mo ń lò fúnra mi. Káàdì tí wọ́n ṣe fún sáfà (server), kọ̀ǹpútà tó ń sin odindi ilé-iṣẹ́ ńlá, ni, ṣíìpù SAS2008 ló wà nínú rẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ náà sì ń tà wọ́n dànù bí wọ́n bá ra tuntun. Háàdì mẹ́jọ tààrà, PCIe 2.0 x8, ìyẹn 4,000 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá. Bí háàdì kan bá ń ṣàìsàn lórí rẹ̀, òun nìkan ló ń ṣàìsàn, àwọn yòókù ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Owó káàdì fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti olójú mẹ́fà lọ.

Ṣùgbọ́n kò bá gbogbo èèyàn mu. Kò ní ojú SATA lára. Ihò méjì tí wọ́n ń pè ní SFF-8087 ló ní, wáyà kan sì ń ti inú ihò kọ̀ọ̀kan pín sí SATA mẹ́rin. Oríṣi wáyà yìí jẹ́ méjì tí wọn kò sì yàtọ̀ lójú: èyí tó ń lọ láti káàdì sí háàdì ni kí ẹ béèrè, "forward" ni wọ́n ń kọ sí i, bí ẹ bá ra "reverse", háàdì kankan ò ní yọjú. Ẹ rí i pé ẹni tó tà á ti fi ètò IT sí i, èyí tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rí háàdì kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà. Ẹ má sì ra èyí tó dàgbà jù ú, tó ní ṣíìpù SAS1068E, torí kò lè rí ju 2 TB lọ lórí háàdì kan.

Ooru ńkọ́? Inú sáfà tí fáànù ńlá ti ń fẹ́ ní gbogbo ìgbà ni wọ́n ṣe é fún. Nínú kọ̀ǹpútà tábìlì ní Ifẹ̀, ní oṣù Ẹrẹ́nà, irin orí rẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ kàn. Mo fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so fáànù kékeré 40 mm mọ́ orí tèmi, láti ọjọ́ yẹn kò sí wàhálà.

Àbúrò rẹ̀ kan tún wà, Dell PERC H310, ṣíìpù kan náà. Bí ẹ bá kì í bọ inú kọ̀ǹpútà tábìlì, nígbà mìíràn ẹ̀rọ náà kò ní tàn rárá, ojú rẹ̀ á dúdú. Ìlà irin méjì lára ìmúlẹ̀ rẹ̀, B5 àti B6, ló ń bá mọ́dábọ́ọ̀dù sọ ọ̀rọ̀ tí kò yé e. Mo gé tépù tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ́ ìgbálẹ̀, mo fi bo méjèèjì láìjẹ́ kó kan ti ẹ̀gbẹ́ wọn, mo kì í padà, ẹ̀rọ tàn. Bí ọwọ́ yín ò bá dúró sójú kan, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín gé tépù náà.

Káàdì tó ń gbé NVMe

Ní ti ẹni tó ń gé fídíò, ọ̀rọ̀ ààyè kọ́ ló ń dà á láàmú, ìyára ni. Káàdì yìí kò ní ṣíìpù kankan tó ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà lásán ló là láti ihò PCIe x4 sí SSD pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní NVMe, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ kò fi ju ti olójú méjì lọ. SSD fúnra rẹ̀ lẹ máa sanwó fún. Nínú ihò PCIe 3.0 x4, ó lè lé ní 3,000 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ má kì í bọ ihò x1 kí ẹ wá máa bínú sí i.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò mọ bí a ṣe ń gbéra láti orí NVMe, ẹ fi Windows sílẹ̀ sí ibi tó wà, kí ẹ máa fi èyí gé fídíò. Ẹ tún wo ẹsẹ̀ SSD tí ẹ ń rà: èyí tó ní gígé méjì lẹ́sẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti SATA, káàdì NVMe kò ní rí i.

Wáyà iná: ibi tí ilé ti ń jó

Kò sí ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rántí tó èyí. Káàdì ń fún yín ní ojú dátà, kò fún háàdì níná. Wáyà iná tó ti inú power pack wá kò ní tó, ẹ máa ra èyí tó ń pín in, ibẹ̀ sì ni owó táṣẹ́rẹ́ ti ń ba nǹkan ńlá jẹ́.

Ẹ gbé orí wáyà SATA náà sókè, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ike rẹ̀ bá jẹ́ odindi, tí wáyà kàn ń ti inú rẹ̀ yọ bí ìgbà tí wọ́n da ike gbígbóná lé e lórí, ẹ má rà á. Nínú irú èyí, àwọn irin kéékèèké náà lè sún mọ́ra nígbà tí ike bá rọ̀, wọ́n á kan ara wọn, iná á sọ. Èyí tó dára, ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìdérí tó ṣeé ṣí, ẹ sì máa rí wáyà kọ̀ọ̀kan bó ṣe dúró sí àyè tirẹ̀, pupa, dúdú, ofeefee. Mo ti ṣí kọ̀ǹpútà kan tí òórùn ike jíjó ti gba gbogbo yàrá, tí ẹnu wáyà náà ti yọ́ mọ́ ara háàdì. Káàdì tó dára ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn o.

Ẹ má so ju háàdì méjì mọ́ orí wáyà kan tó ti inú power pack jáde.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù, tàbí tó ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ kiri láàrin Ifẹ̀ àti Iléṣà: háàdì ìta, ojú USB tó búlúù. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹni tó ní tòkunbọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí power pack rẹ̀ kò ju 240 W lọ: ASM1061, háàdì kan, méjì bó bá pọ̀ jù. Ilé ẹ̀rọ yẹn gan-an kò ní ibi tí ẹ máa fi háàdì kẹta sí, bí ẹ tilẹ̀ ní káàdì olójú ogún.

Onífídíò tó ní kọ̀ǹpútà gíga, tí òde rẹ̀ ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún: ASM1166, kó sì fi háàdì kún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí owó ṣe ń wọlé. Òun ni mo ń sọ fún púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá lẹ́yìn Ọlọ́jọ́. Bó bá tún ń gé fídíò lórí ẹ̀rọ kan náà, tí ihò gígùn kejì wà, kó fi NVMe kan sí i: kó máa gé e níbẹ̀, kó sì kó o lọ sórí háàdì bó bá parí. Bó bá jẹ́ ihò gígùn kan ṣoṣo ló ní, kó fi í fún NVMe, kó wá fi ASM1061 sínú ihò kúkúrú.

Ẹni tó ń kó ìtàn ìdílé, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́ṣáláṣí tàbí ti ìlú pamọ́ fún ọdún gbọọrọ, tó sì lè fọwọ́ kan irin láìbẹ̀rù: LSI 9211-8i pẹ̀lú fáànù lórí rẹ̀, power pack tó tó 450 W, UPS lábẹ́ tábìlì.

Kí ẹ tó sanwó fún èyíkéyìí, ẹ ya fọ́tò mẹ́ta: ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara power pack, àwọn ihò tó wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, àti ibi tó ṣófo tí háàdì máa jókòó sí. Ẹ fi han ẹni tó fẹ́ ta káàdì fún yín. Ẹni tó bá wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó tó dárúkọ ọjà ni kí ẹ bá rà.